Àga, Ìmọ́tótó àti Ìmọ́lẹ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹni Tí Ń Lọ sí Sinimá Mọ̀

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Òkè-Ààrẹ, ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ó sì jẹ́ pé nígbà èwe rẹ̀ kò sí ilé sinimá kan nílùú náà, láti Scala títí dé Odeon, tí kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un ní ìjelòó pé n óò mú un lọ wo fíìmù Yorùbá tuntun kan nínú ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn ìgbàlódé tí ń bẹ nínú àwọn ilé ìtajà ńláńlá, ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí kì í ṣe orúkọ fíìmù náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ àwọn òṣèré tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé àga ibẹ̀ kò ní ìdun?” Ó tún ní, “Ṣé wọn kò ní fi wá sí iwájú pátápátá, níbi tí ọrùn yóò ti máa ro ènìyàn?” Kí n tó dáhùn, ìyàwó mi ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó ní bí ó bá jẹ́ ibi tí a lọ nígbà tí ó kọjá ni, níbi tí àwòrán ti ṣú dùdù bí ẹni pé a ń wò ó láti inú omi àgbàrá, kí n kúkú fi owó náà ra iṣu.

Mo ti bá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti gun àtẹ̀gùn dé inú yàrá tí ẹ̀rọ àwòrán wà, mo wá rí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí tí kò ní ìdáhùn, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn wọn kò ní sanwó wo ohun tí kò rí. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà, àwọn àgbà ní kì í ṣìnà. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù lónìí.

Sinimá kì í ṣe àlejò àná lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní ìlú Paris láti fi àwòrán tí ń rìn hàn wọ́n. Ọdún kẹjọ kò sì tí ì pé, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, tí Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, fi rí tirẹ̀ nínú gbọ̀ngàn Glover. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn náà ni pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó wà lára ohun tí ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ fi sinimá kọ́ wa. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1924, òyìnbó kan tí ń jẹ́ William Sellers, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìlera, a máa fi fíìmù hàn àwọn ará ìlú kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí eku ti ń mú àrùn wọlé àti bí a ti í lé e jáde. Òun náà ni wọ́n sì fi ṣe olórí nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka tí ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1939. Ohun tí a fi kọ́ aráyé láti lé eku, kò yẹ kí ó wá di ilé eku.

Bí ẹ bá dé Agége lónìí, ẹ óò gbọ́ tí àwọn kọ̀ndọ́tọ̀ ń ké “Pen Cinema! Pen Cinema!”, afárá ńlá kan sì ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣí fún lílò ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n sinimá tí ó bí orúkọ náà ti kógbá wọlé tipẹ́tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní Èkó àti Ìbàdàn: lẹ́yìn tí owó náírà já wálẹ̀ ní ọdún 1986, tí fídíò wọ inú ilé, tí ẹ̀rù olè kò sì jẹ́ kí ènìyàn jáde lálẹ́ mọ́, àwọn kan di ilé ìjọsìn, àwọn mìíràn di ilé ìkẹ́rùsí. Ọdún 2004 ni Silverbird ṣí sinimá ìgbàlódé sí Victoria Island, tí ọ̀rọ̀ náà tún fi jí. Filmhouse tẹ̀ lé e ní Sùúrùlérè ní ọdún 2012, Ìbàdàn náà sì ti ní tirẹ̀ ní Dùgbẹ̀ àti Sámọ́ńdà. Nítorí náà, àwọn tí ń wọ sinimá lónìí pín sí ọ̀nà méjì: àwọn àgbà tí wọ́n mọ ti àtijọ́, tí wọ́n sì ń rò pé bákan náà ni, àti àwọn ọmọ tí wọn kò mọ èyíkéyìí tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Ní ayé àwọn sinimá àtijọ́, owó ni ó ń yan ìjókòó fún ènìyàn: ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan a lọ sí iwájú, sórí bẹ́ǹṣì pákó, lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń tan àwòrán sí gan-an, ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ a sì lọ sí ẹ̀yìn tàbí òkè, sórí àga onítìmùtìmù. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa, owó kan náà ni gbogbo àga, àfi àwọn tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Ẹni tí ó bá tètè dé, tàbí tí ó tètè yan àga rẹ̀ lórí fóònù níbi tí wọ́n bá ti fàyè gba èyí, ni ó ń jókòó síbi tí ó wù ú. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ibi tí ó yẹ kí ó wù wọ́n.

Àwọn ọmọdé a máa rò pé iwájú ni ó dára jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwòrán ti tóbi jù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bẹ̀ mí títí tí mo fi gbà fún un ní ọjọ́ kan kí ó lọ jókòó ní ìlà kìíní. Kí fíìmù náà tó dé ìdajì, mo rí i tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni tí ó ru ẹrù ti oko dé, nígbà tí ó sì pẹ́ díẹ̀, ó rọra gun àtẹ̀gùn padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ojú ènìyàn ní ìwọ̀n ohun tí ó lè kó mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwòrán bá fẹ̀ kọjá ìwọ̀n yẹn, orí ni yóò máa yí láti ọ̀tún dé òsì, tí ó fi jẹ́ pé bí òṣèré kan bá ń bínú lápá ọ̀tún, èkejì tí ń sunkún lápá òsì yóò ti nu ojú rẹ̀ gbẹ kí ojú wa tó débẹ̀. Bí a bá sì gbọdọ̀ gbé orí sókè kọjá ìwọ̀n digíríì 35 kí a tó rí òkè àwòrán, ọrùn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ̀yìn pátápátá náà kò dára tán. Ẹni tí ó bá jìnnà jù yóò rí àwòrán tí kò ju ti tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ lọ, yóò sì dàbí ẹni pé ilé ni ó jókòó sí. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ THX, tí ó ti pẹ́ tí ó ń fi òǹtẹ̀ lu àwọn gbọ̀ngàn sinimá tí ó bá péye, fi ìmọ̀ràn lélẹ̀ pé kódà láti orí àga tí ó kẹ́yìn, kí ìbú aṣọ àwòrán ṣì gba ìwọ̀n digíríì 36 lójú ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Bí a bá sọ èyí di ohun tí ẹsẹ̀ lè wọ̀n, ó túmọ̀ sí pé kí àga ìkẹyìn má ṣe jìnnà sí aṣọ náà ju nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ ìbú rẹ̀ lọ: bí aṣọ bá fẹ̀ ní mítà 12, kí ẹ̀yìn má ju nǹkan bí mítà 18 lọ. Èmi ti wọ gbọ̀ngàn tí ó gùn bí ilé ìkó-kòkó-sí, tí aṣọ inú rẹ̀ kò sì ju ti fèrèsé méjì lọ. Ní irú ibẹ̀, àárín tàbí iwájú díẹ̀ ni kí ẹ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àga onítìmùtìmù ẹ̀yìn tàn yín.

Ibo gan-an wá ni kí a jókòó sí? Àwọn tí ń tún ohùn ṣe nínú sinimá ti dáhùn fún wa láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọn ohùn gbọ̀ngàn, ibi tí wọ́n ń gbé máìkì wọn sí ni nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà láti ibi aṣọ dé ẹ̀yìn, ní àárín gbùngbùn. Ibẹ̀ ni wọ́n sì ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe fún. Bí ìlà àga bá jẹ́ méjìlá, ẹ wá ìkeje, ìkẹjọ tàbí ìkẹsàn-án láti iwájú, kí ẹ sì súnmọ́ àárín bí ó bá ti ṣeé ṣe tó.

Ohun kan wà nípa aṣọ àwòrán náà tí n kò mọ̀ títí mo fi fi ojú kàn án ní bí ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó ní ihò wínníwínní káàkiri gbogbo ara rẹ̀, ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè rí i láti òkèèrè, nítorí pé ẹ̀yìn aṣọ náà ni wọ́n to àwọn sípíkà ńláńlá sí, kí ohùn òṣèré lè máa ti ẹnu rẹ̀ gan-an jáde. Ẹni tí ó bá jókòó ní ìlà kìíní lè rí àwọn ihò náà nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́lẹ̀ nínú fíìmù tàbí nígbà tí ẹnìkan bá wọ aṣọ àlà. Ẹni tí ó bá sì lẹ̀ mọ́ ògiri yóò máa gbọ́ sípíkà ara ògiri, èyí tí ń dún òjò àti pátákò ẹṣin, ju ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹ bá ti rí fíìmù kan rí tí ẹ kò gbọ́ ohun tí ọba sọ ṣùgbọ́n tí ẹ gbọ́ gbogbo ìlù tí wọ́n lù fún un, ẹ rántí ibi tí ẹ jókòó sí.

Àwọn arúgbó àti ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ̀bá ọ̀nà ni kí wọ́n wà, kí wọ́n béèrè ẹnu ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn púpọ̀. Bí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń kọ́ àwọn gbọ̀ngàn ìgbàlódé, ìlà kan ga ju èkejì lọ, àrà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fara wé láti ìgbà tí ilé sinimá onígbọ̀ngàn 24 kan ṣí ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1995. Gíga yìí ni ó gbà wá lọ́wọ́ orí ẹni tí ó wà níwájú. Ṣùgbọ́n kò lè gbà wá lọ́wọ́ gèlè. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí fíìmù tuntun, tí àwọn obìnrin wa wọ aṣọ ẹbí, tí ẹwà kún gbogbo ilé bí ọjọ́ ìgbéyàwó, gèlè kan ṣoṣo tí ó dúró ṣánṣán lè bo gbogbo ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán mọ́ ènìyàn mẹ́ta lójú, àwọn àna wa tí kò gbọ́ Yorùbá a sì máa wo ẹnu òṣèré lásán. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, bí iná bá ti kú, ẹ ṣí gèlè yín, ẹ gbé e lé itan. Nígbà tí iná bá tún tàn, a ó tún rí ẹwà yín.

Ó kan ìmọ́tótó. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀ ní pálọ̀ àna rẹ̀ a máa da gúgúrú sílẹ̀ nínú sinimá láìbojúwẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti jáde. Àwọn ọmọbìnrin méjì wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti àpò ọ̀rá dúdú. Wọ́n sọ fún mi pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ní kí àwọn òǹwòran mìíràn tó wọlé. Mo wo ohun tí wọ́n ń kó: ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó ṣì ń jò, egungun adìẹ tí ẹnìkan yọ́ mú wọlé, gúgúrú tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ di ìyẹ̀fun, bàtà ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo, àti ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kékeré kan họ kúrò lábẹ́ apá àga. Wọ́n yára, wọ́n fara ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kò lè fọ ilẹ̀ tí ọtí dídùn ti dà sí. Nǹkan tí ń lẹ̀ mọ́ bàtà yín nígbà tí ẹ bá ń wá àga yín kiri nìyẹn. Lálẹ́, lẹ́yìn fíìmù ìkẹyìn, ni ó yẹ kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ nu ilẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa eruku inú àga. Ilé tí ó bá ń ṣe èyí lálaalẹ́, imú ni a fi ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi pákó tàbí ike ṣe gbogbo àga, kí ó lè rọrùn láti fọ̀. Ìdí rẹ̀ ni ohùn. Aṣọ àti fóòmù inú àga ni ó ń gbé ariwo mì, kí ó má ba à máa ta padà láti ara ògiri, tí ọ̀rọ̀ kan yóò fi dàbí mẹ́ta. Àga tí a fi aṣọ bò, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jókòó lé e, ń ṣe iṣẹ́ bí ẹni pé ènìyàn wà lórí rẹ̀. Àga aláwọ rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n kì í gbé ohùn mì tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ, ní tirẹ̀, a máa gba òógùn àti òórùn, inú ìránpọ̀ rẹ̀ ni ìdun sì fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí.

Nítorí náà, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ìdun kì í fò, ènìyàn ni ó ń gbé e kiri nínú àpò àti aṣọ, kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Kí iná tó kú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí ìránpọ̀ àga, níbi tí ẹ̀yìn àti ìdí rẹ̀ ti pàdé. Bí ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní bí tàdáwà tí ó ta sílẹ̀, tàbí awọ tí kòkòrò bọ́ sílẹ̀, ẹ dìde, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́. Ẹ má ṣe gbé àpò yín sórí àga tàbí sílẹ̀, ẹ gbé e lé itan. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nígbà tí ẹ délé, omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ aṣọ náà, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ dé inú ìránpọ̀, nítorí pé ooru tí ó bá ti kọjá ìwọ̀n digíríì 50 ti Celsius ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀.

Eku ni n kò lè fojú fò. Gúgúrú tí ó bọ́ sáàárín àga méjì ni oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ tí ibà Lassa ti gba orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1969 kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ eku ṣeré. Ibi tí ẹ bá ti rí eku nínú sinimá, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìtàkúrọ̀sọ lásán. Ẹ pe máníjà, bí ẹ bá sì padà lọ tí ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ẹni tí ń tàn án. Bí egúngún ẹni bá jó o re, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀; ọpirétọ̀ ni atọ́kùn sinimá, ẹni tí kò sí ẹni tí ń rí i, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni a ń rántí rẹ̀. Ní ayé fíìmù onírọ́bà, àwòrán 24 ni ó ń kọjá níwájú iná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró díẹ̀ kí ó tó kọjá, abẹ̀bẹ̀ kékeré kan sì ń gé ìmọ́lẹ̀ náà kí ojú má ba à rí àlàfo tí ó wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 90 ni ó ń lọ ní ìṣẹ́jú kan, fíìmù wákàtí méjì sì ju kìlómítà mẹ́ta lọ bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tìnrín. Kẹ̀kẹ́ fíìmù kan kì í ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀rọ méjì ni ọpirétọ̀ ń lò, nígbà tí àmì róbótó kékeré kan bá sì yọ lápá ọ̀tún lókè àwòrán, ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni ó kù kí òun yí sí èkejì. Irú fíìmù tí wọ́n ń lò títí di bí ọdún 1950 a tilẹ̀ máa gbiná wìrìwìrì, omi kò sì lè pa á, nítorí pé inú ara rẹ̀ ni ó ti ń rí afẹ́fẹ́ tí ó fi ń jó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ yàrá ọpirétọ̀ bí túbú, tí fèrèsé rẹ̀ sì ní ìlẹ̀kùn irin tí ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ fíìmù ni àwọn àgbà òṣèré wa gbé kiri. Hubert Ògúndé tí ó ṣe “Aiyé” ní ọdún 1979, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, àti Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, gbé fíìmù wọn láti gbọ̀ngàn ìlú kan dé òmíràn, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Kò pẹ́ tí Baba Sàlá gbé “Ọ̀run Móoru” jáde ní ọdún 1982 tí àwọn olè fi jí i dà sínú fídíò, gbèsè ńlá sì bọ́ sí ọrùn ọkùnrin tí ó ti fi ẹ̀rín pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Mo sọ èyí nítorí ìbéèrè kan tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí: kí ló dé tí fíìmù kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn, tí wọ́n yóò sọ pé kọ́kọ́rọ́ kò tí ì dé? Lónìí, kò sí kẹ̀kẹ́ fíìmù mọ́. Inú àpótí kékeré bí ìwé àdúrà ni gbogbo fíìmù wà, wọ́n sì ti fi àṣírí dì í. Ẹni tí ó ni fíìmù ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ tí kò lè ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn àyàfi ẹ̀rọ gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ sí i, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé tàbí lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá. Bí irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ọdún 1982, ọwọ́ olè kì bá tó o. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí a dúró de kọ́kọ́rọ́, mo máa ń dúró.

Ṣùgbọ́n n kì í dúró de òkùnkùn. Àwọn onímọ̀ ti fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ sinimá: bí ẹ̀rọ bá ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun lásán sára aṣọ, kí ó mọ́lẹ̀ tó káńdẹ́là 48 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, èyí tí a lè pè ní ìmọ́lẹ̀ bí àbẹ́là 48. Gílóòbù ńlá tí ó kún fún afẹ́fẹ́ xenon ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Iye wákàtí tí ó lè fi ṣiṣẹ́ ní òdiwọ̀n, bí ó bá sì ti ń gbó ni ara rẹ̀ ń dúdú, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀. Ó wọ́n púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa owó mọ́ a máa lò ó kọjá ọjọ́ rẹ̀, òǹwòran kò sì ní mọ̀, nítorí pé ojú a máa fara mọ́ òkùnkùn díẹ̀díẹ̀. Dígí fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde náà wà níbẹ̀: ní àkókò ọyẹ́, eruku lè bò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀, aṣọ mímọ́ kan ni gbogbo ohun tí ó nílò.

Ta ni ó ń jìyà rẹ̀? Fíìmù wa ni. Fíìmù òyìnbó tí ó jẹ́ ojúmọmọ ni gbogbo rẹ̀ lè fara dà á, ṣùgbọ́n ẹ wo irú fíìmù bí “Agẹṣinkólé”, tí ó jáde ní ọdún 2022, tàbí “Ayìnlá” ti Túndé Kèlání ní ọdún 2021, tí àwọ̀ dúdú wa, aṣọ òkè, àdìrẹ àti iná fìtílà jẹ́ ara ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ayàwòrán lè lo òru mẹ́ta láti gbé fìtílà kan síbi tí yóò fi hàn pé omijé wà lójú ìyá kan. Gílóòbù tí ó ti gbó yóò pa omijé náà rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwa yóò sì jáde, a ó ní fíìmù náà kò dára.

Ìtàn ọjọ́ tí ìyàwó mi ń sọ nìyí. Fíìmù Yorùbá ni a lọ wò, ààfin ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí ààfin. Agbádá àwọn ìjòyè dà bí òjìji, gbogbo ènìyàn ń kùn, kò sì sí ẹni tí ó dìde. Nígbà tí ó tó bí wákàtí kan ni mo jáde lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Ọmọ mi, àwòrán yín ṣókùnkùn.” Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Dádì, bí wọ́n ṣe ya fíìmù yẹn nìyẹn, sà.” Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó pe ẹni tí ń mójú tó ẹ̀rọ. Ó lọ. N kò tí ì jókòó tán nígbà tí àwòrán kú fún bí ìṣẹ́jú kan, tí ó sì tún yọ. Áà, ẹ̀yin ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ ya wọlé bí ẹni ṣí fèrèsé ní òwúrọ̀! A rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn agbádá, a rí òógùn iwájú orí onílù, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Dígí tí wọ́n fi ń fi fíìmù onígíláàsì hàn, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń wò tí nǹkan ń dàbí pé ó ń bọ̀ wá bá wọn, ni wọ́n gbàgbé síwájú ẹ̀rọ láti ọ̀sán. Dígí yẹn a máa gba èyí tí ó ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò purọ́ fún mi. Ẹnikẹ́ni kò kàn tí ì sọ fún un rí ni.

Àlàfo dúdú tí ń wà lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í ṣe àbùkù nígbà gbogbo. Irú ìwọ̀n méjì ni fíìmù sábà máa ń jẹ́, ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ, aṣọ kan náà ni a sì ń fi hàn sí. Ilé tí ó bá ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ a máa fa aṣọ dúdú bo ibi tí ó ṣófo. Ṣùgbọ́n bí orí àwọn òṣèré bá gé kúrò, tàbí tí ojú wọn bá gùn bí ẹni tí a fà, ìwọ̀n ni wọ́n ṣì yàn, ìṣẹ́jú kan péré ni ó sì gbà láti tún un ṣe. Bí iná bá lọ, ẹ ní sùúrù: ẹ̀rọ náà dàbí kọ̀ǹpútà, kì í jí lójú ẹsẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ bá dún.

Mo mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ. Ó ká aṣọ òfì kan lọ́wọ́ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ó gba fóònù mi, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí ìránpọ̀ àga láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí wolé-wolé, kò rí nǹkan kan, ó sì jókòó ní ìlà kẹjọ, ní àárín. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọba sọ. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá lọ, tí àwòrán ṣú, tí ohùn kò dún tàbí tí àga kò mọ́, ẹ má ṣe kùn sínú: ẹ dìde, kí ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ nígbà tí fíìmù ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti tan iná gbọ̀ngàn, kò sí ohun tí ọpirétọ̀ lè tún ṣe sí i mọ́.